Ẹ gbọ́ orin náà kí ẹ tó bú u

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé orin Sátánì ni gothic rock, irú orin rock kan tó máa ń dún bí ìbànújẹ́, ṣé ó ti gbọ́ ọ rí? Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ olórin gothic rock tó ń jẹ́ The Sisters of Mercy sílẹ̀ ní 1980. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin kun ètè dúdú bí àwọn olólùfẹ́ orin yìí, ààwẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbà. Nígbà tó yá, mo jókòó tì í, mo tẹ́tí sí orin ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀rọ ló ń lu ìlù wọn, wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ: Doktor Avalanche! Ohùn olórin ń dún bí ẹni wà nínú kànga. Ìfẹ́ tó dàpọ̀ mọ́ ìbànújẹ́ ni wọ́n ń kọ, ó sì rán mi létí ẹkún ìyàwó tí ẹ̀gbọ́n mi sun ní Ìsẹ́yìn.

Ètè dúdú yẹn nìkan ni kò tíì wọ̀ mí lójú.

Bàbá Àdùkẹ́,
Leeds.