Ẹni Tíbọn Bà Ò Nílò Ìwé Ọlọ́pàá Kọ́n Tó Tọ́jú Ẹ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ó ń bí mi nínú pé títí di ìsinsìnyí làwọn èèyàn ṣì ń sọ pé ẹni tíbọn bá bà, àfi tọ́n bá kọ́kọ́ gbàwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ọsibítù tó fọwọ́ kàn án. Irọ́ ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà láti 2017: ọsibítù ìjọba o, ti aládàáni o, wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á kọ́n sì tọ́jú ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, ó san dípọ́síìtì àbí kò san. Àwọn ọsibítù fúnra wọn ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2 tọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Nọ́ọ̀sì tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tíbọn ń ṣe níkùn. Ojú ihò ẹ̀ lè má ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lè má pọ̀, ẹni náà á ṣì máa sọ̀rọ̀, àwọn ará ilé á ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Inú lọ́hùn-ún ló ti bàjẹ́. Tó bá ba ẹ̀dọ̀ àbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, ikùn á máa wú, á le gbandi, ọwọ́ á tutù, òógùn á bò ó, kó tó pẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Tó bá lu ìfun, ìgbẹ́ á dà sínú ikùn, ìyẹn lè má pa á lónìí, àmọ́ bó bá fi máa dọ̀la ibà ti dé. Ti ṣakabùlà àwọn ọdẹ tún yàtọ̀, ọta wẹẹrẹ ló ń fọ́n káàkiri, dókítà á máa fa ìfun jáde díẹ̀díẹ̀ bí fọkanáísà tó ń wá ibi tí tíúbù ti ń jò, á máa rán an níkọ̀ọ̀kan. (Àwọn kan rò pé tọ́n bá ti yọ ọta, ó parí. Rárá o, ẹ̀jẹ̀ la kọ́kọ́ ń dá dúró, ọta gan-an lè wà níbẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́ ẹni náà.)

Ẹ̀yin oníròyìn ló yẹ kó dùn jù. Ọmọ iṣẹ́ yín ni Bayo Ohu ti The Guardian, tọ́n yìnbọn fún nílé ẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2009, ìròyìn ìgbà yẹn sọ pé wọ́n ní àfi kọ́n mú ìwé ọlọ́pàá wá nígbà tọ́n gbé e délé ìwòsàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀ nígbà tíbọn bá ba èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹni náà lómi, ẹ má fún un ní mílíìkì àbí epo pupa, torí tíátà ló ń lọ. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ibẹ̀ dáadáa. Tífun bá yọ síta, ẹ má tì í padà, aṣọ mímọ́ tẹ́ ẹ rẹ sómi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi bò ó. Ẹ sì má há a sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, ẹ wá mọ́tò tó máa lè sùn sí.

Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn tí ò fi gbé e, bẹ́ẹ̀ òfin yẹn náà ló ní kọ́n má fi ìbéèrè ìtìjú dààmú ẹni tó ṣèrànwọ́. Ẹ bá wa tẹ òfin náà jáde lédè Yorùbá nínú ìwé ìròyìn yín, kí àwọn ọsibítù sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì, torí máígáàdì ẹnu ọ̀nà ló máa ń dá wọn padà kí dókítà tó gbọ́ rárá.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.