Àkànní, Má Jẹ́ Kí Wọ́n Bó Igi Yẹn

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹ̀gbọ́n rẹ ti bímọ, obìnrin ni. Orúnkún bàbá rẹ ti ń fúyẹ́ díẹ̀.

Wọ́n pè mí láti Alentejo níbẹ̀, ní Pọ́túgà, pé o ti bá àwọn aláàáké sọ̀rọ̀, pé wọ́n ń bọ̀ wá bó èèpo igi kọ́ọ̀kì wa, èèpo tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò, nígbà ooru yìí. Ṣé òótọ́ ni? Nọ́ńbà 9 tí a fi ọ̀dà funfun kọ sára wọn, nọ́ńbà tó parí ọdún tí a bó wọn ni, 2019. Ọdún 9 ni òfin Pọ́túgà ní kí a fi sáàárín, 2028 ló kàn. Kí lo fẹ́ fi èèpo tí kò tíì nípọn ṣe? Bí àáké bá ṣá awọ inú, àpá ni yóò kù síbẹ̀. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó sì rèé, bí iná bá jà, kí ni yóò fi bo ara? Má jẹ́ kí wọ́n bó o o.

Owó tí o ní o máa fi ránṣẹ́ kò dé, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n bí gbèsè ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, wí fún mi. A ó ta màlúù. Kì í ṣe èèpo yẹn!

Ọmọ igi tí o fi èso gbìn mà dára o, inú mi dùn sí ọ. Fi wáyà yí wọn ká kí àgùntàn má jẹ wọ́n. Ó tó ọdún 25 kí a tó bó wọn nígbà àkọ́kọ́, ìgbà kẹta sì ni èèpo wọn máa ń dára fún ìdérí ìgò. Mi ò ní sí níbẹ̀. Ìwọ ni yóò rí i.

Bóyá ara mi lo ti kọ́ ìkánjú. Igi ẹ̀bá kànga tó kú, tí o sunkún lé lórí, mo ní àrùn ló pa á. Èmi ni mo ní kí katakata tú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ nítorí koríko ẹran, gbòǹgbò la sì ń gé. Bàbá rẹ ò tíì gbọ́ ọ títí dòní.

Pe àwọn aláàáké yẹn lálẹ́ yìí, kí o ní kí wọ́n má wá. Lẹ́yìn náà, pè mí.

Ìyá rẹ