Ìdí tí mi ò fi gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọ lọ́wọ́

Òpópónà Fọlágbadé,
Ìjẹ̀bú-Òde.

Adébáyọ̀, Àkànní ọmọ mi,

Ìyàwó rẹ ti sọ fún mi pé inú ń bí ọ. Má bá a jà. Èmi ni mo fọgbọ́n fa ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní o sọ pé Mọ́mì gbé iṣẹ́ fún ọmọ iṣẹ́, wọ́n ní kí ọmọ bíbí inú wọn lọ máa wòran. Lórí fóònù, "kò sí wàhálà, mà" lo ń wí fún mi. Ohùn yẹn gan-an ni dádì yín máa ń lò bí inú bá ń bí wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé dípò kí n pè ọ́.

Òótọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá Mufu rẹ, ọmọ iṣẹ́ mi, ni yóò máa darí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa. Ilé ṣì jẹ́ tìrẹ àti ti àbúrò rẹ, mo ti ní kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé lọ̀tọ̀, iṣẹ́ lọ̀tọ̀.

Ọkùnrin kan wà tí mo ti mọ orúkọ rẹ̀ kí n tó mọ dádì yín. Ní 1984, táípíìsì ni mí ní ọ́fíìsì kan l'Ékòó. Àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá kan, tàpúráítà ń pariwo bí òjò lórí páànù. Bí ọ̀gá bá yí ọ̀rọ̀ kan péré padà, a óò tún gbogbo ojú ìwé náà tẹ̀ láti òkè délẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wọlé tó ní ojú bíi tẹlifíṣọ̀n. Bí o bá ṣe àṣìṣe, wàá pa á rẹ́ lójú ibẹ̀, ìgbà tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn lo máa tó jẹ́ kó jáde sórí bébà. WANG ni wọ́n kọ sí i lára. A ò pè é ní kọ̀ǹpútà o. "Ta ló wà nídìí Wáàngì?" la máa ń bi ara wa, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Omo. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tún ìlà mẹ́ta ṣe láì fọwọ́ kan típẹ́ẹ̀sì, mo rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀gá yọjú wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Orúkọ èèyàn ni. An Wang, ọmọ Ṣáínà, Shanghai ni wọ́n bí i sí ní 1920. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1945, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard ní 1948, nígbà tó di 1951 ó fi 600 dọ́là tó tọ́jú dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Boston. Ìwọ tó ń ta mẹ́mọ́rì n'Íkẹjà, ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó pilẹ̀ mẹ́mọ́rì ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n fi òrùka kéékèèké ṣe. Ó ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún IBM, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá Amẹ́ríkà, ní 1956. Lẹ́yìn náà ló ń ṣe ẹ̀rọ ìṣirò, ó sì rí owó ńlá nídìí rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ayé wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, tí iye rẹ̀ ń já wálẹ̀, ó fi ọjà náà sílẹ̀ kí ọjà náà tó fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbà fún un jù. Ní 1976 ló wá gbé irú Wáàngì tiwa yẹn jáde. Ó kọ́ ilé gogoro mẹ́ta sí Lowell, ìlú ahunṣọ kan tí iṣẹ́ ti kú níbẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà gòkè jù, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ju 30,000 lọ, owó tó ń wọlé lọ́dún tó bílíọ̀nù 3 dọ́là.

Ó ní ọmọkùnrin kan, Fred. Ó tún ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Cunningham, tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti 1967, tó mọ oníbàárà, tó sì mọ ọjà. Wọ́n fi Cunningham ṣe ààrẹ ilé-iṣẹ́ ní 1983. Ní 1985 ó kẹ́rù rẹ̀, ó lọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọmọ ni bàbá ń pa àga mọ́ fún. Ní 1986, Fred jókòó sórí àga náà.

Àwọn àgbà ní a kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ. Adìẹ ti ń wọ́n nígbà yẹn. Láti 1983 ni wọ́n ti kéde ọjà tuntun tó ju mẹ́wàá lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì tíì sí níbì kankan. Oníbàárà dúró títí, wọ́n yí ẹsẹ̀ padà. (Kí n má purọ́ fún ọ, ìwọ ni mo rántí níbẹ̀. Nígbà Iléyá, o gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì rẹ pé a ti ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ta ló ń tún un ṣe? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìjàgun gbé láptọ́ọ̀pù wá, Mufu ń tọrọ àforíjì lórí ohun tí kò mọ̀dí.)

Oṣù kẹjọ 1989, bàbá fúnra rẹ̀ lé ọmọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ti mú bàbá nígbà náà. Ọmọ jẹ́ ẹni ọdún 38, bíi tìrẹ lónìí. Oṣù kẹta 1990 ni bàbá kú. Ní 1992 ilé-iṣẹ́ kọ̀wé sí kóòtù pé gbèsè ti borí òun. Ilé gogoro mẹ́ta yẹn, tí wọ́n ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 dọ́là lé lórí, wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní 1994 fún 525,000 dọ́là.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń di gbogbo ẹrù ru Fred. Èmi ò gbà. Kọ̀ǹpútà kékeré ti IBM ti jáde láti 1981, ó ń tẹ̀wé, ó ń ṣírò, ó ń ṣe ohun mìíràn. Bàbá ò ka nǹkan yẹn sí. Èyí tí òun náà wá ṣe, sọ́fítíwíà tí àwọn èèyàn rà fún ti IBM kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọkùnrin tó mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò nídìí ẹ̀rọ ìṣirò, kò lè kúrò nídìí Wáàngì. Ọmọ wá jogún iná tó ti ń jó láti ẹ̀yìnkùlé.

Mo mọ̀ ọ́n torí èmi náà ṣe é. Ní 2001, tàpúráítà mẹ́rin ló ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń bú àwọn tó ra kọ̀ǹpútà pé NEPA á kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Mufu ló ta ọ̀kadà rẹ̀, ó gbé owó náà wá, ó ní kí n fi kún un ká ra tòkunbọ̀ kan. Ìwọ wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà yẹn, o ò lè mọ̀. Owó JAMB tó o san, owó tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó rẹ, ìdí ọ̀kadà yẹn ló ti wá.

Àkànní, bí Mufu bá sùn nídìí iṣẹ́, tàbí tó bá jí mi lówó, mo lè lé e. A óò bínú, a óò tún kí ara wa lọ́dún. Ìwọ ńkọ́? Ibo ni mo fẹ́ lé ọ lọ?

Máa wá lóṣooṣù, kó o jókòó tì í, kó o wo ìwé owó. Bí o bá rí ohun tó ń bọ̀ tí èmi àti òun ò rí, sọ ọ́ kíkankíkan, bí mo tilẹ̀ ń pariwo lé ọ lórí. Láptọ́ọ̀pù títúnṣe yẹn dára. Rán ẹni tó mọ̀ ọ́n wá kó kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, ká tó tún polongo rẹ̀.

Ojúde Ọba ti ń bọ̀, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ti ń gbé ìwé ètò wá fún títẹ̀. Bá wa ra tónà méjì bọ̀. Gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ Mufu, má fi tìrẹ kún un, kó o sì fún un ní rìsíìtì. Mo ti rẹ́ ewùrà sílẹ̀ de ìkọ́kọrẹ́ rẹ.

Èmi ni,
Mọ́mì yín.