Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ẹ Má Tíì Bọ́ Kóònù Lọ́rùn Ajá

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìtọ́jú ajá, ẹ kú àìsùn. Ohun tó sábà máa ń ba ọgbẹ́ ajá jẹ́ lẹ́yìn tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ wa kì í ṣe eruku, kì í sì í ṣe òjò. Ẹnu ajá náà ni. Ọgbẹ́ tí a rán dáadáa lọ́jọ́ Ajé lè ya sílẹ̀ lóru Ọjọ́rú, nítorí pé ẹnì kan nínú ilé rí ajá tó ń ké, àánú ṣe é, ó sì bọ́ kóònù, ìyẹn ike tó rí bí àrọ tí a fi yí orí rẹ̀ ká kí ẹnu rẹ̀ má bàa dé ojú ọgbẹ́, pé kó sinmi díẹ̀. Àánú yẹn dára. Ibi tó yẹ kí ẹ lò ó sí ni kí kóònù má bàa há a lọ́rùn, kó lè jẹun, kó lè mumi, kó sì lè sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ́ ọ.

A mọ̀ pé àwọn àgbà máa ń sọ pé itọ́ ajá ni oògùn egbò rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ohun kan wà nínú itọ́ tó ń pa lára àwọn kòkòrò àìfojúrí. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ni ajá fi ń tú ààtàn, òun ló fi ń gbé òkú eku, òun náà ló fi ń lá ìdí ara rẹ̀. Kòkòrò tó ń kó wá sójú ọgbẹ́ pọ̀ ju èyí tí itọ́ lè pa lọ. Ahọ́n tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú kan náà tún ń họ ẹran tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù kúrò, ojú ọgbẹ́ tó yẹ kó gbẹ á sì máa tutù ṣáá. Tí ajá bá wá ki eyín kéékèèké iwájú bọ òwú tí a fi rán an, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó láti tú gbogbo iṣẹ́ náà.

Láti nǹkan bí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ máa ń le. Ìrora ti ń rọlẹ̀, ẹran tuntun ń hù lábẹ́, irun tí a fá ń ta padà ṣóńṣó-ṣóńṣó, gbogbo rẹ̀ á wá máa yún un. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú ọgbẹ́ máa ń dà bíi pé ó ti jiná, tí ọwọ́ á máa yún àwa èèyàn náà láti bọ́ kóònù. Òwú ara, láàárín ọjọ́ 10 sí 14 la máa ń yọ ọ́. Títí di ọjọ́ náà, kóònù á wà lọ́rùn tọ̀sán tòru, ọjọ́ kan tàbí méjì lórí rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, kí àwọn ihò tí òwú gbà kọjá lè dí.

Kóònù tí kò bá ajá mu kò yàtọ̀ sí àìsí kóònù. Ẹ fi tépù télọ̀ wọn ọrùn níbi tí bẹ́líìtì máa ń wà, kí ẹ tún wọn láti ibẹ̀ dé orí imú. Etí kóònù gbọ́dọ̀ yọ kọjá imú ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Ní ti ọrùn, ẹ ki ìka méjì bọ abẹ́ ìdè rẹ̀: tí méjèèjì bá wọlé wẹ́rẹ́, ó ti tó. Tí gbogbo ọwọ́ yín bá wọlé, ajá á fi ẹsẹ̀ iwájú bọ́ ọ dànù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ gba inú àwọn ihò ìdí kóònù, torí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gé awọ ọrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró ṣọ́ ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ajá ọlọ́rùn gígùn bí Alsatian lè ká ara rẹ̀ kò bí òrùka, kó fi etí kóònù ti ilẹ̀ títí ahọ́n á fi kan itan tàbí ìdí ìrù. Tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kóònù kéré.

Bí owó kóònù kò bá tíì sí, rọ́bà kọ́sítádì tó ti tán lè ṣiṣẹ́ fún ajá kékeré, ike ọ̀dà lítà 4 tí ẹ fọ̀ títí òórùn ọ̀dà fi kúrò á sì tó ajá tó tóbi díẹ̀. Ẹ gé ìdí rẹ̀ kí ihò náà kàn gba orí ajá. Ibi tí ẹ gé máa mú bí abẹ: ẹ la họ́ọ̀sì omi tẹ́ẹ́rẹ́ ní gígùn, kí ẹ fi bo etí náà yíká, tàbí kí ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e kí ẹ sì lẹ téèpù mọ́ ọn. Ẹ lu ihò mẹ́rin sí àyíká ibi ọrùn, kí ẹ fi okùn aṣọ so ó mọ́ bẹ́líìtì, kí ẹ tún lu ihò díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí atẹ́gùn lè wọlé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ajá á dúró sójú kan bí ère, á máa kọlu ilẹ̀kùn, á sì máa wò yín bíi pé ẹ ṣẹ̀ ẹ́. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ọ̀pọ̀ wọn á ti gbàgbé. Abọ́ oúnjẹ tí ẹnu rẹ̀ kéré ju ẹnu kóònù lọ ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù, kí kóònù lè bo abọ́ náà mọ́lẹ̀ dípò kó máa tì í kiri. Tó bá kọ oúnjẹ pátápátá, ẹ bọ́ ọ fún ìgbà tó bá ń jẹun nìkan, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì dè é padà bó bá ṣe ń gbórí kúrò nínú abọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ máa fọ kóònù lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ọrùn ti ń bó. Ẹ má fi ajá oníkóònù sínú oòrùn, pàápàá èyí tí imú rẹ̀ kúrú. Ẹ má sì so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ irin géètì tí kóònù lè há sí.

Tí ọgbẹ́ bá wà níkùn, bíi ti abo tí a yọ ilé ọmọ rẹ̀, tíṣẹ́ẹ̀tì ọmọdé lè ṣèrànwọ́. Orí á gba ibi ọrùn, ẹsẹ̀ iwájú á gba apá, kí ẹ wá kó etí ìsàlẹ̀ aṣọ jọ sórí ẹ̀yìn, kí ẹ ta á ní kókó lókè ìbàdí kó má bàa tutù nígbà tó bá ń tọ̀. Tó bá jẹ́ ìdí tàbí itan, ẹ yí i padà: ìrù gba ibi ọrùn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gba apá. Aṣọ nìkan kò tó lóru o, torí ajá á máa lá orí aṣọ títí omi á fi wọnú ọgbẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ mímọ́ dára fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́bà owó dè é láéláé. Irun máa ń bò ó, á sì máa wọnú ẹran lọ láì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Téèpù ni kí ẹ lò, kí ẹ má fà á le, kí ẹ sì máa wo àwọn ọmọ ìka lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Tí wọ́n bá wú tàbí tí wọ́n tutù, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má fi ata pa ọgbẹ́. Yóò ta á, ajá á sì túbọ̀ máa jẹ ibẹ̀. Omi ewúro lè lé àwọn kan sẹ́yìn tí ẹ bá fi pa ẹ̀yìn báńdéèjì, kì í ṣe ojú ọgbẹ́, àmọ́ a ò gbẹ́kẹ̀ lé e, torí ajá mìíràn á lá a bí ẹní ń lá omi ẹran. Ọ́ìlì mọ́tò dúdú, kẹrosíìnì, róòbù àti oògùn eṣinṣin olómi, gbogbo ohun tí ẹ bá fi pa á ló ń lá wọnú. Ibuprofen, diclofenac àti paracetamol tí ẹ̀yin ń lò lè ba inú, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Láti fọ ọgbẹ́ tó ṣí, ẹ se omi pure water ọlọ́rá kan, ìyẹn sẹ̀ǹtílítà 50, kí ẹ po ṣíbí ìmutíì iyọ̀ kan tó tẹ́jú mọ́ ọn, kó tutù. Ẹ fi gọ́ọ̀sì mímọ́, ìyẹn aṣọ fẹ́lẹ́ tí a fi ń tọ́jú egbò, nu ún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Spírítì àti hydrogen peroxide ń jó ẹran tuntun. Ọgbẹ́ tí a rán, ẹ má fọ̀ ọ́ àyàfi tí a bá ní kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí eṣinṣin bà á, torí ẹyin rẹ̀ lè di ìdin láàárín ọjọ́ kan.

Bí ajá mìíràn bá wà nínú ọgbà, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bá a lá ohun tí kóònù kò jẹ́ kó lá. Ẹ máa fi okùn mú un rìn díẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, torí ajá tí kò rí nǹkan ṣe ni ọgbẹ́ ń wù ú lá jù. Tó bá jẹ́ pé ajá tí ẹ kò mọ̀ ló bù ú jẹ, ẹ sọ fún wa kíákíá nítorí dìgbòlugi. Bí itọ́ bá kan ojú egbò lọ́wọ́ yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ gbé ajá wá lọ́jọ́ náà tí ọgbẹ́ bá ń rùn, tó ń sọ ọyún, tó ń gbóná, tí ojú rírán là, tàbí tí ooru ara rẹ̀ bá kọjá 39.5°C. Bí ìfun bá yọ, ẹ má tì í padà: ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rì sínú omi iyọ̀ yẹn bò ó, kí ẹ máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ajá tó ń lá ojú kan ní ọwọ́ iwájú lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti jiná, ẹ mú òun náà wá. Ó lè jẹ́ ara yíyún, ó lè jẹ́ oríkèé ló ń dùn ún.

Ẹni tí kóònù ajá rẹ̀ bá kéré tàbí tóbi jù, kó mú ajá àti kóònù náà wá ká pààrọ̀ rẹ̀. A kì í gba owó lórí ìyẹn. Èyí tí ẹ yá lọ́wọ́ wa, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà.