Inú ọkọ̀ ọlọ́pàá ni kámẹ́rà máa ń jókòó sí

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ gẹ irun ní Àjárá, níbí ní Àgbádárìgì. Eré ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ta ilẹ̀kùn nípàá wọlé, kò mú ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ kankan dání, ó sì gbá ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan mọ́ ògiri. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó yèè. Ẹni tó pàtẹ́wọ́ jù ni onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀, òun tó ní irun dàda lórí. Oṣù kan kò tíì pé tí àwọn ọlọ́pàá wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, pé orí ẹ̀ jọ ti ọmọ Yahoo. Nítorí irú nǹkan báyìí làwọn ọ̀dọ́ ṣe dà sí títì ní Oṣù Kẹwàá 2020, tí wọ́n fi tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, ká.

Ohun tí eré ń ṣe fún wa nìyẹn. A mọ ìyàwó ọlọ́pàá, a mọ ohun tí kò jẹ́ kó sùn. Ẹni tí ọlọ́pàá ń lé, a ò mọ̀ bóyá ó ní ìyá. Ètò tẹlifíṣọ̀n "Cops" tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1989 kò tilẹ̀ fi bò, ẹ̀yìn ọlọ́pàá gidi ló ń tọ̀ kiri. Ìgbà tí George Floyd kú lábẹ́ orúnkún ọlọ́pàá ní Minneapolis lọ́dún 2020 ni wọ́n tó gbé e kúrò. Nígbà tó máa fi di 2021, ó ti tún yọjú lórí ìkànnì Fox Nation! Àwọn "Brooklyn Nine-Nine", eré ọlọ́pàá apanilẹ́rìn-ín, gbìyànjú ní tiwọn, lẹ́yìn ikú Floyd wọ́n da apá mẹ́rin tí wọ́n ti kọ nù. Ṣùgbọ́n eré "The Wire" ti ṣe é kó tó di pé Floyd kú: ó bá àwọn ọmọ tó ń ta oògùn olóró ní Baltimore délé, ó bá wọn dé iléèwé.

Kí a tó bú òyìnbó ṣá, ta ni mẹ́gáàdì nínú fíìmù Yorùbá? Háúsá. Ta ló ń ṣe fàyàwọ́, tó ń ta oògùn burúkú? Ègùn. Ègùn ni bàbá tó bí mi, apẹja ni, ẹja nìkan ló sì tà títí tó fi kú.

Nígbà tí onígbàjámọ̀ gẹ̀ mí tán, mo bi í pé, ọmọ tí wọ́n gbá mọ́ ògiri yẹn, ṣé òun ló ṣe é lóòótọ́?

Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mi ò wo ìyẹn."

Òǹkàwé yín kan,
Àjárá, Àgbádárìgì