Iṣan ẹsẹ̀ tí wọ́n ti là tún lè dí

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé èyí jáde fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, àwọn tó ń fa sìgá, àti àwọn ọmọ tó ń sanwó ìtọ́jú òbí wọn. Tí dókítà bá ti la iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí lẹ́sẹ̀, yálà ó fi balúùnù fẹ̀ ẹ́ tàbí ó rán iṣan mìíràn mọ́ ọn kí ẹ̀jẹ̀ lè gba ọ̀nà àyípo kọjá, tí egbò sì ń jiná, ará ilé a máa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí. Ọdún àkọ́kọ́ gan-an ni ewu pé iṣan náà á tún dí pọ̀ jù. Ó yẹ kí aláìsàn gbọ́ èyí kó tó sanwó, torí ìdílé tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kò ní rí ti àyẹ̀wò san.

Bí iṣan bá dí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ̀jẹ̀ dídì ló sábà máa ń jẹ́: ibi tí wọ́n rán kò dára, wọn ò la ibì kan tó, tàbí aláìsàn ò lo oògùn rẹ̀. Láti bí oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, àpá ni. Balúùnù tí wọ́n fẹ́ nínú iṣan máa ń ya awọ inú rẹ̀, ara á fẹ́ tún un ṣe, ẹran àpá á sì máa hù títí ọ̀nà á fi tún há. Stent, ìyẹn irin oníhò tí wọ́n ń fi sínú iṣan kó má bàa há, kì í dá èyí dúró, torí ẹran náà lè gba àárín irin rẹ̀ hù. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rá tó ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan látilẹ̀ ló ń padà dé. Iṣan itan tó lọ sẹ́yìn orúnkún ló ń yọni lẹ́nu gan-an: bí a ṣe ń jókòó, tí a ń kúnlẹ̀, ló ń tẹ̀ tó ń lọ́, irin inú rẹ̀ sì lè ṣẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà là á kò ṣeé fojú fò. Nínú ìwádìí BEST-CLI tó jáde lọ́dún 2022, lára àwọn 1,434 tí iṣan gígùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ padà sọ́kàn ṣì dára, wọ́n fi iṣan yẹn ṣe ọ̀nà àyípo fún àwọn kan, wọ́n sì lo balúùnù tàbí stent fún àwọn yòókù. Nínú ọgọ́rùn-ún, 9.2 ló padà wá ṣe iṣẹ́ ńlá mìíràn lára àwọn àkọ́kọ́, 23.5 lára àwọn kejì. Àmọ́ BASIL-2, tí wọ́n ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì, Sweden àti Denmark, tó jáde lọ́dún 2023 lórí àwọn 345 tí iṣan ìsàlẹ̀ orúnkún wọn dí, rí òdìkejì: àwọn tí wọ́n ṣe ọ̀nà àyípo fún ló kú tàbí pàdánù ẹsẹ̀ jù, 63 sí 53 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, a ò ní kí gbogbo ènìyàn lọ fún abẹ. Ẹ kàn bi dókítà yín bóyá ó ti fi skáànù wo iṣan gígùn yẹn, àti ìdí tó fi yan ọ̀nà tó yàn.

Kí aláìsàn tó kúrò ní ọsibítù, kí wọ́n wọn ìfúnpá ọrùn ẹsẹ̀, kí wọ́n fi ti apá pín in, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà náà sínú káàdì rẹ̀. Doppler kékeré, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, àti aṣọ ìwọnfúnpá ti tó. 1.0 sí 1.4 ló dára. Tó bá jẹ́ 0.9 tàbí kó dín, ọ̀nà há. Bó bá fi 0.15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ sí ti ọjọ́ ìkúrò, skáànù di dandan. Ẹ ṣọ́ra fún alátọ̀gbẹ: iṣan rẹ̀ lè ti le débi pé aṣọ ìwọnfúnpá ò ní lè tẹ̀ ẹ́ pa, nọ́ńbà á wá kọjá 1.4, ẹni tí kò mọ̀ á ní ara ti yá. Ìka ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí àyẹ̀wò wà lóṣù kìíní, láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, lóṣù kejìlá, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń há rọrùn-ún là ju ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì pa pátápátá lọ.

Ọ̀pọ̀ ló ń pa oògùn tì nígbà tí egbò bá jiná, ohun tó ń dùn wá jù nìyẹn. Aspirin àti oògùn ọ̀rá kì í ṣe oògùn egbò, iṣan ni wọ́n ń ṣọ́. Ìwádìí VOYAGER PAD lọ́dún 2020 fi hàn pé bí dókítà bá fi rivaroxaban, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, 2.5 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kún aspirin, ewu ńlá ti ẹsẹ̀ àti ọkàn dín kù láti 19.9 sí 17.3 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè máa dà, ẹ má fúnra yín rà á. Sìgá ńkọ́? Ó ń sọ ewu pé ọ̀nà àyípo á dí di bí ìlọ́po mẹ́ta.

Bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé tutù, tó funfun, tó ń ro goorogo, tó kú tipiri tàbí tí ìka rẹ̀ ò ṣeé mì, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi àbọ́níkí ra á. Láàárín wákàtí mẹ́fà ni kó ti dé ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ.

A ń bẹ àwọn ọsibítù kí wọ́n máa da owó àyẹ̀wò ọdún àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n bá ń sọ iye rẹ̀, kí àwọn àjọ ìdáàbòbò ìlera ìpínlẹ̀ sì kà á mọ́ ìtọ́jú kan náà.

Àwa òṣìṣẹ́ ìtọ́jú egbò ẹsẹ̀,
Ìbàdàn.