Ẹ má ṣe se òkúta iyùn lórí iná, ẹ má sì da omi rẹ̀ sí gọ́tà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde lórí àwọn tó ń sin ẹja òkun àti iyùn ààyè sínú àpótí gíláàsì nílé, mo sì gbádùn púpọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ ìmọ̀ràn kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbójú fò: pé kí ẹni tí ewé omi tàbí ẹ̀dá tí kò fẹ́ bá ti bo òkúta inú àpótí rẹ̀ yọ òkúta náà síta, kí ó sè é nínú omi gbígbóná, kí ó sì da omi náà sí gọ́tà. Sísè náà lè gbé odidi ìdílé dé ilé ìwòsàn, dídà náà sì lè ba ọ̀sà jẹ́.

Ẹranko ni iyùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan ló ń wà. Àwọn ewé tíntìntín tó ń gbé inú ara rẹ̀ ló ń fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ fún un, nítorí náà ebi ni ohunkóhun tó bá bò ó mọ́lẹ̀ fi ń pa á. Oúnjẹ ẹja tó ṣẹ́kù àti ìgbẹ́ ẹja, tó ń di nitrate àti phosphate, ni ewé omi ń jẹ sanra. Ẹni tó bá dín oúnjẹ kù, tó sì ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi lóòrèkóòrè, ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ìdajì tó kù, ọwọ́ la fi ń ṣe é. Ẹ wo Aiptasia, ẹ̀dá aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní ọwọ́ wẹ́wẹ́ yí ẹnu ká, tó ń ta iyùn tó bá wà nítòsí rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha á, á súnkì wọ ihò òkúta, èérún tó bá já kù yóò sì di odidi mìíràn. Láìmù (calcium hydroxide, kì í ṣe èso) tí a pò ki ni à ń fi sírínjì fún sí i lẹ́nu, tàbí kí a ra edé tí wọ́n ń pè ní peppermint shrimp, tó máa ń jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ẹja ni edé náà máa ń gbájú mọ́ nígbà mìíràn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni Palythoa, ẹ̀dá kan tó jẹ́ ìbátan iyùn, tó rí roboto bíi bọ́tìnnì, tó sì máa ń ràn bo òkúta. Májèlé palytoxin wà lára ọ̀pọ̀ rẹ̀. Bí a bá se òkúta náà, ooru omi rẹ̀ lè gbé májèlé wọ imú gbogbo ará ilé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ní abúlé Steventon ní Oxfordshire níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé kan àti àwọn panápaná tó wá síbẹ̀ di èrò ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n fọ àpótí ẹja tí iyùn wà nínú rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ẹ sì rì í sínú omi tí a bu bílíìṣì sí, ìwọ̀n 1 sí 9, fún ìṣẹ́jú 30, níta gbangba, kí ẹ tó dà á nù.

Ní ti gọ́tà, ọ̀pọ̀ gọ́tà Èkó ló ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà. Ní ọdún 1984 ni wọ́n rí ewé òkun Caulerpa taxifolia, irú èyí tí wọ́n ń gbìn sínú àpótí ẹja, nínú òkun nísàlẹ̀ ilé àkójọ nǹkan òkun ti Monaco. Kò ju nǹkan bíi mítà kan níbùú lóròó lọ nígbà náà, kí ó tó tàn dé etíkun Faransé, Ítálì àti Croatia. Nígbà tó yọjú ní Carlsbad ní California lọ́dún 2000, tapólíìnì ni wọ́n fi bò ó mọ́ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n sì da kúlórínì sábẹ́ rẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n tó kéde pé ó ti tán.

Ọdún 1984 yẹn kan náà ni water hyacinth, ewéko olódòdó àlùkò tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, gba ojú omi orílẹ̀-èdè Benin wọ Àgbádárìgì. Apẹja Ẹ̀pẹ́ àti Ìlàjẹ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń há sínú rẹ̀ kò nílò àlàyé lọ́wọ́ mi.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ àtúnṣe jáde lójú ewé kan náà. Ewé tí a bá yọ, kí a sá a gbẹ tàbí kí a fi í sínú fìríìsà, kí a dì í sínú ọ̀rá, kí a kó o pọ̀ mọ́ pàǹtí. Palythoa kò sí lára èyí tí à ń sá o. Bílíìṣì ni tirẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù